Àlàyé lórí Àǹfààní Jẹ́lé-ó-sinmi fún Ọmọ Òṣìṣẹ́ ní Ọ̀tà àti Ṣàngó

Abala Kìn-ín-ní: Ohun tí à ń wádìí àti ààlà rẹ̀

Ohun kan ṣoṣo ni àlàyé yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tó bá rí jẹ́lé-ó-sinmi gidi lọ yóò jẹ èrè rẹ̀ dàgbà, yóò sì jẹ ẹ́ dógbó. Ṣùgbọ́n inú eré, inú ọ̀rọ̀ sísọ àti inú sùúrù olùkọ́ ni èrè náà ti ń wá, kì í ṣe inú ABC tí wọ́n fi pankẹ́rẹ́ kọ́ ọ. Ẹni tó bá gba apá kìíní ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ tí kò gba apá kejì, owó lásán ló ń ná.

Ibi tí ìwádìí wa dúró lé ni Ọ̀tà, ìlú Àwórì, tó jẹ́ ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà láti ọdún 1989, pẹ̀lú Ṣàngó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Ìdí-Ìrókò tó lọ sí bodè Bẹ̀nẹ̀ yà níbẹ̀, ojú irin náà kò sì jìnnà. Ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin, tó ń ṣe ike, oúnjẹ, ọṣẹ àti oògùn ló kún agbègbè náà títí dé Agbára. Bí ilé iṣẹ́ bá pọ̀, òṣìṣẹ́ á pọ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá pọ̀, ọmọ wẹ́wẹ́ á pọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, kó dúró sábẹ́ bíríjì Ṣàngó kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù. Yóò rí ìyá tó wọ aṣọ iṣẹ́, tó pọn ọmọ kan, tó fa èkejì lọ́wọ́, tó gbé àpò tí kúlà oúnjẹ wà nínú rẹ̀ kọ́ èjìká. Ṣíìfù àárọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí kásúà, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lójoojúmọ́, bá pẹ́ dé géètì, wọ́n ti mú ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, owó ọjọ́ náà sì ti lọ nìyẹn. Kí wá ni kí ìyá yìí ṣe sí ọmọ ọdún mẹ́rin tó fà lọ́wọ́? Ìbéèrè tí àwọn abala tó kù máa dáhùn nìyẹn.

Abala Kejì: Agboolé tí kò bá wa dé Ṣàngó

Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ọmọ kékeré nílò ẹ̀kọ́. Agboolé Yorùbá ní ètò tirẹ̀. Nígbà tí àwọn òbí bá wà lóko tàbí lọ́jà, ìyá àgbà ló ń jókòó ti àwọn ọmọ. Àlọ́ àpamọ̀ ló fi ń pọn ọpọlọ wọn, àlọ́ onítàn ló fi ń kọ́ wọn níwà. Ọmọ ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bojúbojú àti ẹkùn-mẹ́ran, ó ń ta òkòtó, ó ń fi amọ̀ mọ ilé. Bó bá kí àgbà láìkúnlẹ̀ tàbí láìdọ̀bálẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló máa tún un ṣe, kò dìgbà tí ìyá tó bí i bá dé. Bí a bá tú ètò yìí palẹ̀, ohun mẹ́rin la máa bá níbẹ̀: àgbàlagbà tó ráyè, ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ọ̀rọ̀ tó pọ̀, àti eré tó ní òfin.

Ní Ṣàngó, ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fọ́n ká. Ìyá àgbà wà ní Ayétòrò, ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ọ̀fà. Yàrá kan ni bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ ń gbé, nínú ilé tí yàrá mẹ́wàá ti kọjú síra wọn. Ará yàrá kejì lè jẹ́ Ègùn, ó lè jẹ́ Ìgbò, ó lè jẹ́ Ẹ̀gbá. Èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n òun náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ tí kò bá ríbi lọ, tẹlifíṣọ̀n ló ń tọ́jú rẹ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ tó yẹ kí òun fúnra rẹ̀ wà ní kíláàsì.

Nítorí náà, jẹ́lé-ó-sinmi kì í ṣe àjèjì tó wá lé àṣà wa lọ. Agboolé ni, tí a ní láti tún kọ́ sí ibi tí iṣẹ́ gbé wa dé. Bó bá sì jẹ́ agboolé ni, ohun mẹ́rin yẹn náà ló yẹ ká fi wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Èyí tó bá ní aṣọ ilé ìwé tó rẹwà, bọ́ọ̀sì àti ògiri tí wọ́n ya àwòrán sí, ṣùgbọ́n tí kò ní mẹ́rin yìí, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Abala Kẹta: Ìdúró de ipò ẹni, bí a ṣe rí i lẹ́bàá kẹ́ẹ̀gì omi

Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan kékeré kan fínnífínní, nítorí inú irú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ní jẹ́lé-ó-sinmi kan tí kò jìnnà sí ojú irin ní Ṣàngó, àwọn ọmọ ń fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Kẹ́ẹ̀gì omi kan tí wọ́n so ẹnu ẹ̀rọ mọ́ wà lórí àpótí, abọ́ wà nísàlẹ̀, ẹyọ ọṣẹ kan ni gbogbo wọn ń lò. Ọmọkùnrin kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́rin tò sẹ́yìn, ẹni méjì wà níwájú rẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, ó kàn mí.” Àǹtí kò jágbe mọ́ ọn, kò sì kàn ní kó dákẹ́. Ó bi í pé, “Èèyàn mélòó ló ṣì wà níwájú ẹ?” Ọmọ náà na ìka sí orí ẹni kìíní, ó nà án sí orí ẹni kejì, ó ní, “Méjì.” “Bí ìyẹn bá fọwọ́ tán ńkọ́?” Ó ronú díẹ̀. “Ọ̀kan.” “Lẹ́yìn ọ̀kan yẹn, ta ló kàn?” Ó fọwọ́ lu àyà ara rẹ̀, ó sì dúró. Nígbà tó fọwọ́ tán, ó gbé ọṣẹ fún ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, “Ó kàn ẹ́.”

Ìdúró ọmọdé pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ìdúró ìbẹ̀rù: ọmọ dúró nítorí ó rí pankẹ́rẹ́, bí pankẹ́rẹ́ bá ti kúrò níbẹ̀, ìdúró náà tán. Èkejì ni ìdúró ìgbàgbé: ohun mìíràn gba ọkàn ọmọ, kò rántí ohun tó wá ṣe mọ́. Ẹ̀kẹta ni ìdúró ìdánilójú: ọmọ dúró nítorí ó mọ̀ pé yóò kan òun, àti pé ẹnikẹ́ni kò ní já ipò òun gbà. Ẹ̀kẹta yìí nìkan ló ń bá èèyàn dàgbà. Ọmọ kò sì lè kọ́ ọ lọ́dọ̀ àgbàlagbà tó ń ṣèlérí tí kì í mú un ṣẹ. Ó fẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀, lójoojúmọ́, lórí nǹkan tó kéré bí ọṣẹ.

Ẹ wo iye ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìṣẹ́jú yẹn. Ìṣirò wà níbẹ̀, nítorí ọmọ náà yọ ọ̀kan kúrò nínú méjì. Èdè wà níbẹ̀, nítorí ó dáhùn ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “bí”. Ìmọ́tótó wà níbẹ̀. Ìwà wà níbẹ̀, nítorí ó rántí ẹni tó wà lẹ́yìn. Kò sí ìwé, kò sí pẹ́ńsù, kò sì sí ẹkún. Ẹni tí kò bá kọ́ ìdúró kẹta yìí lọ́mọdé, a máa ń bá a pàdé lójú títì nígbà tó bá tó ọmọ ogójì ọdún, tó ń gba wọ́n-wéè níwájú bọ́ọ̀sì tó kún fún èèyàn. Ewu tó ń kóni sí kì í ṣe kékeré.

Abala Kẹrin: Ẹ̀rí láti ọ̀nà jíjìn

Ìwádìí kan wà tí gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí ọmọ kékeré ní láti mọ̀. Ní ìlú Ypsilanti ní ìpínlẹ̀ Michigan, Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1962 sí 1967, David Weikart àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọmọ 123 láti inú ìdílé àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò rí já jẹ. Wọ́n fi ọmọ 58 sínú jẹ́lé-ó-sinmi Perry. 65 tó kù kò lọ. Òwúrọ̀ nìkan ni àwọn 58 ń lọ, nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ lójúmọ́. Wọ́n ń ṣeré tí àwọn fúnra wọn yàn, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n á sì tún sọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Olùkọ́ a sì máa lọ kí ìyá ọmọ nílé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Àwọn olùṣèwádìí kò fi wọ́n sílẹ̀ títí wọ́n fi pé ọmọ ogójì ọdún. Èsì rẹ̀ yẹ fún àròjinlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán ọpọlọ wọn wò ní kékeré, àwọn tó lọ jẹ́lé-ó-sinmi ta àwọn tó kù yọ. Kí wọ́n tó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìyàtọ̀ yẹn ti pòórá. Ìbá rọrùn láti sọ pé owó ti ṣòfò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dàgbà, àwọn kan náà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó parí ilé ẹ̀kọ́ girama, tó ríṣẹ́ gidi ṣe, tí owó wọn sì tó gbọ́ bùkátà. Ọlọ́pàá kò sì mú wọn tó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. James Heckman, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé lọ́dún 2000, ṣírò rẹ̀ pé èrè tí owó náà mú wá fún ìlú tó ìdá méje sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún.

Níbo wá ni èrè náà ti wá, nígbà tí ìdánwò ọpọlọ kò dá wọn yàtọ̀ mọ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀? Heckman ní inú ìwà ni: kí èèyàn lè kó ara rẹ̀ níjàánu, kó lè bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, kó má fi iṣẹ́ tó le sílẹ̀ lágbede méjì. A ti rí ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́bàá kẹ́ẹ̀gì omi.

Abala Karùn-ún: Ilé iṣẹ́ àti jẹ́lé-ó-sinmi

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́ gbà pé ọmọ òṣìṣẹ́ kò kan àwọn. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ní New Lanark, ní Scotland, Robert Owen ní ilé iṣẹ́ tó ń fi omi odò yí ẹ̀rọ tó ń ran òwú. Ó kọ̀ láti gba ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́wàá síṣẹ́, nígbà tí àwọn yòókù ń gbà wọ́n. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1816, ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn, a sì ń gba ọmọ wọlé níbẹ̀ bó bá ti lè rìn. Àwọn méjì tó kọ́kọ́ fi ṣe olùkọ́ àwọn kéékèèké ni James Buchanan, ahunṣọ tí ìwé rẹ̀ kò tó nǹkan, àti Molly Young, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún. Ohun tó ń wá lára wọn ni ìfẹ́ ọmọ àti sùúrù. Àṣẹ tó pa fún wọn ṣe kedere: wọn ò gbọ́dọ̀ lu ọmọ kankan, wọn ò gbọ́dọ̀ fi ìwé dà á láàmú, kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀ lórí àwọn ohun tó wà láyìíká rẹ̀ nígbà tó bá béèrè. Ilé iṣẹ́ náà kò wọko gbèsè. Ó ń jèrè, àwọn èèyàn ńláńlá sì ń wá wò ó láti òkèèrè.

Lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Róòmù. Àwọn onílé tún ilé ńlá kan ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ní àdúgbò San Lorenzo. Bàbá àti ìyá á jáde lọ síṣẹ́, àwọn ọmọ tó kù sílé á máa ba ògiri jẹ́. Àwọn onílé wò ó pé kíkọ́ ọmọ kò wọ́n tó títún ògiri kùn, ni wọ́n bá pe dókítà obìnrin kan, Maria Montessori. Ó ṣílẹ̀kùn ilé àwọn ọmọ náà ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìn-ín-ní ọdún 1907, orúkọ rẹ̀ sì ti dé gbogbo ayé lónìí, àní lára pátákó ilé ìwé ní Ọ̀tà.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn méjèèjì kan náà ni: ìyá tó mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà ń fọkàn sí iṣẹ́. Ẹni tó bá dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń gé irin kò gbọ́dọ̀ máa ronú bóyá ọmọ òun ti jáde sí títì.

Abala Kẹfà: Ohun tí a ń pè ní jẹ́lé-ó-sinmi tí kì í ṣe é

Ó yẹ ká sọ òótọ́ nípa èyí tó pọ̀ jù lójú wa. A kó ọmọ ọdún mẹ́ta jọ sórí bẹ́ǹṣì, a fún wọn ní pẹ́ńsù, a ní kí wọ́n kọ 1 dé 100. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ wo ọwọ́ ọmọ náà. Eegun kéékèèké mẹ́jọ ló wà ní ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà. Lára ọmọ tuntun, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó tíì le di eegun. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń jáde, ọmọ á sì tó ọdún mẹ́fà tàbí méje kí méje nínú wọn tó hàn. Ọmọ tó di pẹ́ńsù mú gírígírí tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì gbó. Amọ̀ ló yẹ kó máa pò, okùn ló yẹ kó máa so, ọmọrí ìgò mínírà ló yẹ kó máa tò kó sì máa kà. Iṣẹ́ tó ń múra ọwọ́ sílẹ̀ de ìwé nìyẹn.

Ti èdè tún wà níbẹ̀. Ilé ìwé wà tó jẹ́ pé bí ọmọ bá sọ Yorùbá, ó ti sọ fànákúlà, ìyà ló máa fi jẹ. Ọmọ tí kò bá lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní èdè tó gbọ́, dídákẹ́ ló máa dákẹ́. Ọmọ tó bá sì dákẹ́ fún ọdún méjì ti pàdánù ohun tí jẹ́lé-ó-sinmi wà fún. Bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1970, Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Ó dùn mí gan-an, nítorí ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ láti Ifẹ̀ kò yí padà láàárín ọdún mẹ́ta yẹn.

Abala Keje: Àtakò mẹ́ta àti èsì wọn

Àtakò kìíní: ọmọ tó bá tètè mọ ABC ló máa ń ṣíwájú. Èsì: a ti rí i ní Ypsilanti pé ìṣíwájú inú ìdánwò ọpọlọ kì í pẹ́ tán. Ọmọ tó ka ABC ní ọdún mẹ́ta àti ọmọ tó kà á ní ọdún márùn-ún lè bá ara wọn ní kíláàsì kejì. Ohun tí wọn kì í bá ara wọn nínú rẹ̀ ni ìfẹ́ ẹ̀kọ́, bí wọ́n bá ti fi ẹgba lé e kúrò lára ọ̀kan nínú wọn.

Àtakò kejì: ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ kékeré yẹ kó wà. Èsì: òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ní ẹsẹ̀ kẹrìnléláàádọ́ta, fún obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Báwo ni yóò ṣe lo ààbọ̀ wákàtí yẹn bí ọmọ bá wà ní Ìjọkò tí òun sì wà ní Agbára? Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ wà nítòsí ìyá rẹ̀ lóòótọ́, jẹ́lé-ó-sinmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ ló yẹ kó máa bá wa béèrè.

Àtakò kẹta: kò sówó. Èsì: wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, iye ọmọ tó wà ní ilé ìwé sì fò sókè lọ́dún kan ṣoṣo, ó kọjá 800,000. Owó a máa wá bí ìpinnu bá ti ṣáájú.

Abala Kẹjọ: Ta ni kí ó san án?

Òfin ti sọ tirẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ti ọdún 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti ọdún 2013 fi ọdún kan kún un ṣáájú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ ọdún márùn-ún, ó sì ní kó jẹ́ ọ̀ranyàn. Síbẹ̀, ìwádìí tí ìjọba àti UNICEF ṣe ní ọdún 2016 sí 2017 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó wà láàárín oṣù 36 sí 59 ní Nàìjíríà, bíi 36 péré ló ń rí irú ẹ̀kọ́ yìí. Èyí tó pọ̀ jù lọ kò rí i nígbà náà.

Nítorí náà, ẹni mẹ́ta ni mo ké sí. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́, ẹ dáwó jọ. Ilé iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó wà ní àdúgbò kan lè gba ilé kan, kí wọ́n gba àwọn àǹtí tó kọ́ iṣẹ́ ọmọ títọ́jú, kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn rẹ̀ kí ṣíìfù àárọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ìjọba, ọdún kan tí ẹ kọ sínú ìwé, ẹ fún un ní yàrá, ní olùkọ́, àti ní àkókò tó bá ti òṣìṣẹ́ mu. Kíláàsì tó ń parí ní ọ̀sán kò wúlò fún ìyá tó ń jáde ní aago méje alẹ́.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ dúró ní ẹnu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Ẹ tẹ́tí: ṣé ohùn ọmọ lẹ ń gbọ́ jù ni, àbí ohùn àǹtí nìkan? Ẹ wò: ṣé nǹkan wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n lè tò, tí wọ́n lè pò, tí wọ́n lè tú? Ẹ béèrè: kí lẹ máa ń ṣe bí ọmọ bá ṣàṣìṣe? Bí wọ́n bá na ọwọ́ sí pankẹ́rẹ́ kí wọ́n tó dáhùn, ẹ fa ọmọ yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ máa lọ. Bí wọ́n bá ní àwọn á bi í bó ṣe rò ó kó tó ṣe é, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, kódà bí ògiri ibẹ̀ kò tíì ní ọ̀dà, kẹ́ ẹ sì máa lọ síṣẹ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.